Ìbátan Ta Ni? Ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Òdìgbó àti Èdè-Ìperí Físíìsì Òde-Òní

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìbéèrè mélòó kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní Òdìgbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní àkókò ìsinmi tí mo lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọmọ ayálégbé ni akẹ́kọ̀ọ́ náà nínú ilé wọn. Ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ó ń retí àtiwọ yunifásítì. Ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gáréèjì Òrè, níbi tí ọkọ̀ akérò tí ń ti Èkó lọ sí Bìní àti sí òdìkejì odò Ọya ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun, òun náà a sì máa bá ìyá rẹ̀ tà á. Nígbà tí ó gbọ́ pé ẹ̀kọ́ nípa èdè ni iṣẹ́ mi, àti pé mo wà lára àwọn tí ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó mú ìwé kan tọ̀ mí wá. Ìbéèrè ni ó kọ sínú rẹ̀, lórí iṣẹ́ Einstein àti lórí físíìsì àwọn ohun tí ó kéré jùlọ. Yorùbá ni ó fi kọ gbogbo wọn.

Ó ṣàlàyé pé òun ti kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́ olùkọ́ kan, tí olùkọ́ náà sì dáhùn pé wọn kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. "Mo wá rò ó, sà, pé bí mo bá fi Yorùbá bi ara mi, n ó mọ̀ bóyá ìbéèrè ni wọ́n lóòótọ́, tàbí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni mo ń tún sọ."

Mo kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó pẹ́ tí àwa tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò nípa ìhun rẹ̀: ṣé ó bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ mu, ṣé kò gùn jù, ṣé ó dùn létí. Ṣàṣà ni ìgbà tí a gbé ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, kí a wá dúró de ìbéèrè rẹ̀ kejì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í fi àbùkù ọ̀rọ̀ hàn, nítorí ìtumọ̀ ni ẹni náà ń béèrè. Nígbà tí ó bá gba ìtumọ̀ náà tán, tí ó wá ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún ronú, ni a ó tó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò gbé e débi tí ó ń lọ tàbí yóò dà á sínú kòtò.

Kí n tó dé orí àwọn ìbéèrè náà, ó yẹ kí n rán òǹkàwé létí ibi tí iṣẹ́ dé. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1990. Ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó ká àwọn ìwé wọ̀nyí lára jù. Físíìsì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1900 kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì gbà láìjiyàn pé kò lè sí níbẹ̀.

Àwọn tí ó gbà bẹ́ẹ̀ kò ka iṣẹ́ tí ó wáyé ní Senegal. Ní 1954, nínú ìwé rẹ̀ tí ó sọ ọ́ di olókìkí, Cheikh Anta Diop túmọ̀ àkópọ̀ tí Paul Langevin ṣe nípa àbá Einstein sí èdè Wolof. Ní 1975, ó padà sórí iṣẹ́ náà nínú ìwé àtìgbàdégbà ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí IFAN ní Dakar, ó sì fi Wolof ṣàlàyé àbá Einstein méjèèjì, físíìsì àwọn ohun tí ó kéré jùlọ, àti ẹ̀ka ìṣirò tí àwọn wọ̀nyí dúró lé. Kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹnu lásán gbèjà èdè. Òun ni ó dá ibi ìwádìí sílẹ̀ ní IFAN níbi tí a ti ń fi kábọ́ọ̀nù mọ ọjọ́ orí àwọn ohun àtijọ́, ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Paris. Ó kú ní 1986. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Dakar ń jẹ́ láti 1987. Wolof kò ju Yorùbá lọ ní ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Ìbátan ta ni?" Ó ti rí i níbì kan tí wọ́n pe iṣẹ́ Einstein ní "àbá ìbátan". Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà àti ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ará-ilé ẹni jọ ní gbòǹgbò kan náà, ó sì mú èyí tí ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìbátan ní Yorùbá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kì í dá dúró láìní ẹni tí ó ni ín: ìbátan mi ni, tàbí ti ọba, tàbí ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dolówó. Ọmọ náà ti wá ẹbí Einstein kiri inú ìwé títí, kò rí i.

Ìpìlẹ̀ ohun tí àbá náà sọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ rí ní gáréèjì Òrè. Ọkọ̀ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn; ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn díẹ̀díẹ̀; èrò inú èkejì a di àga mú, a ní ọkọ̀ tiwọn ni ó ń fà sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n bá bojú wo ilẹ̀ tàbí àwọn tí ń ta ọsàn ni ojú wọn ń wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí i lójú àwọn èrò lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni pé: bí kò bá sí ilẹ̀ tí a lè wò ńkọ́, ọkọ̀ wo ni ó ń rìn? Ìbéèrè yìí gan-an ni. Galileo ti dáhùn apá kan rẹ̀ ní 1632, nígbà tí ó sọ pé ẹni tí ó wà nínú yàrá ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ geerege kò lè fi ohunkóhun tí ó bá ṣe nínú yàrá náà mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró.

Èyí tí Einstein fi kún un ní 1905 ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ọmọ inú rẹ̀ sì ju ọsàn síwájú pẹ̀lú eré 20, ẹni tí ó dúró ní etí títì yóò ka 100 fún ọsàn náà. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tan iná iwájú ọkọ̀, iye kan náà ni awakọ̀ àti ẹni etí títì yóò kà fún ìmọ́lẹ̀: 299,792,458 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kìlómítà. Eré ọkọ̀ kò fi ohunkóhun kún un. Bí àwọn méjèèjì bá sì ka iye kan náà fún ohun tí ọ̀kan ń lé lọ tí èkejì dúró wò, a jẹ́ pé aago wọn àti ọ̀pá ìwọ̀n wọn kò lè ṣe déédéé.

Orúkọ wo ni a ó wá pè é? Mo ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, "àtibiwò", tí mo ṣẹ̀dá ní ìlànà àtọ̀runwá àti àtilẹ̀wá: ohun tí a ti ibì kan wò. Mo kà á fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibi wo ni, sà? Ibi tí ń ṣe ènìyàn?" Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ilé ìpàdé fún bí ọdún méjì, kò sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé tí ó gbọ́ "tibi-tire" nínú rẹ̀. Mo tún gbé "àtìdúrówò" wá. Ó ní bí ẹni tí ń wò ó bá ń rìn ńkọ́, ṣebí ẹni tí ń rìn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn? Èyí tí kò rí nǹkan sọ sí ni "àtọ̀dọ̀wò". Ọ̀dọ̀ ènìyàn kì í ṣe ojú kan lórí ilẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá wà ni ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà, bí ó bá wọkọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá a wọkọ̀. Mo rò pé "àbá àtọ̀dọ̀wò" sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ ju orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún un lọ. Einstein fúnra rẹ̀ kò fi orúkọ yẹn ṣe àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 1905, Felix Klein sì wà lára àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ó fẹ́ kí a fi ohun tí kò yí padà nínú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, dípò ohun tí ó ń yí padà.

Ó tún béèrè pé: "Ṣé aago ni ó falẹ̀ ni, tàbí ìgbà?" Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ tí òun ń lò. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa, ìgbà, àkókò àti àsìkò ń gba ipò ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo dábàá pé kí a fi "ìgbà" sílẹ̀ fún ohun tí ó bá àyè rìn, tí a lè so pọ̀ mọ́ ọn ní "ìgbà-òun-àyè", kí a sì fi "àkókò" fún iye tí aago kan pàtó kà. Nígbà náà ni ìdáhùn ṣe é sọ: kò sí aago tí ó bàjẹ́, àkókò tí aago méjì kà láàárín ìpàdé méjì ni kò dọ́gba, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà la ìgbà-òun-àyè kọjá kò dọ́gba. Ní 1971, Hafele àti Keating gbé aago átọ́ọ̀mù sínú ọkọ̀ òfurufú yí ayé ká, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ náà. Lónìí, àwọn awakọ̀ tí ń gba Òrè kọjá ń fi fóònù mọ ibi tí wọ́n dé. Sátẹ́láìtì tí ń rán iṣẹ́ sí fóònù náà gbé aago tí ó fi nǹkan bí ìdá 38 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá yára ju ti ilẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí a kò bá ṣe àtúnṣe rẹ̀, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo fóònù yóò fi nǹkan bí kìlómítà 10 ṣìnà.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ìbéèrè kan dá mi dúró. Ó ní: "Bí Einstein bá sọ pé ilẹ̀ kò fa nǹkan, kí ni ó dé tí ẹ fi ń pè é ní òòfà?" Òtítọ́ ni. Èrò Newton ni ó wà nínú "òòfà ilẹ̀": ohun kan ń fa òmíràn. Nínú àbá kejì tí Einstein parí ní 1915, kò sí fífà. Ohun tí ó wúwo ń tẹ ìgbà-òun-àyè, ohun tí ń kọjá lọ sì ń tẹ̀lé títẹ̀ náà, ìmọ́lẹ̀ pàápàá. Ẹ̀bá wa níhìn-ín ni wọ́n sì ti yẹ èyí wò. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1919, nígbà tí òṣùpá bo ojú oòrùn pátápátá, Arthur Eddington àti Edwin Cottingham wà ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun Guinea, ní oko kòkó kan tí ń jẹ́ Sundy. Ilẹ̀ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pè ní aládùúgbò ni, kòkó rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí kòkó Òdìgbó. Òjò rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n fi àárín ìkúùkùu ya àwòrán ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́bàá oòrùn. Ikọ̀ kejì wà ní Sobral ní Brazil. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n kéde ní London pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tẹ̀ bí Einstein ti wí, tí í ṣe ìlọ́po méjì iye tí èrò Newton lè fún wa.

Ṣé kí a wá ju "òòfà ilẹ̀" nù? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. A ṣì ń sọ pé oòrùn wọ̀, a sì mọ̀ pé kò wọ ibì kankan. Ọ̀rọ̀ tí ó ti fìdí múlẹ̀ lè gba ìtumọ̀ tuntun, bí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ pé orúkọ náà ti wà kí òye náà tó dé. Ọ̀rọ̀ tí a ń ṣẹ̀dá lónìí kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Apá kejì ìwé rẹ̀ dá lórí ohun tí ó kéré jùlọ. Níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣáájú mi. "Kúáńtọ́ọ̀mù" ni ó wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tèmi. "Ẹyọ" ni ó ti ń lò láti ojú ìwé àkọ́kọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Bí ẹni tí ń ka ọsàn fún oníbàárà ni ó ṣe mú un. Mo rò ó títí, n kò rí èyí tí ó dára jù ú lọ. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ná, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ẹgbàárùn-ún méjì, tí í ṣe ẹgbàáwàá ẹyọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdajì ẹyọ ra nǹkan. Ohun tí Max Planck sọ ní 1900 ni èyí: ohun gbígbóná kì í tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ bí omi, ẹyọ-ẹyọ ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ "agbára" fẹ́ da ìṣirò náà rú. Ó béèrè bóyá agbára tí òun fi ń ti ilẹ̀kùn náà ń wá ní ẹyọ-ẹyọ. Ìwé wa ni ó jẹ̀bi. A ń fi agbára pe ohun mẹ́ta tí físíìsì yà sọ́tọ̀: èyí tí a fi ń ti nǹkan, èyí tí ó wà nínú nǹkan tí a lè ná tán, àti bí a ṣe ń ná an kíá sí. Ẹ jẹ́ kí "ipá" jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí "agbára" sì jẹ́ ti ìkejì nìkan. Ẹ̀kẹta kò nílò orúkọ ọ̀tọ̀ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ sọ pé agbára báyìí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti tó.

Ní 1905 kan náà, Einstein sọ pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹyọ, iṣẹ́ yìí ni ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti 1921 fún, kì í ṣe àbá àtọ̀dọ̀wò. Ìdí rẹ̀ ni pé iná pupa, bí ó ti wù kí ó mọ́lẹ̀ tó, kò lè lé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù jáde lára irú irin kan, ṣùgbọ́n iná aláwọ̀ àlùkò tí kò mọ́lẹ̀ tó nǹkan lè lé e. Mo fi oníbodè àtijọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Bí oníbodè bá ń gba ẹyọ owó mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kò sì gbà kí ènìyàn méjì da owó pọ̀, ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó mú márùn-ún-márùn-ún lọ́wọ́ yóò sun ìta bodè, ẹnì kan ṣoṣo tí ó mú méjìlá yóò wọlé. Pánẹ́ẹ̀lì tí ń fi oòrùn ṣe iná, tí ó wà lórí òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Òrè, ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tí ó bá èyí tan. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ "ìbátan" ti lè wúlò.

"Kí ni ó dé tí a kì í fi í rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ?" Nítorí pé wọ́n pọ̀ jù. Gààrí tí a ń dà láti inú àpò dà bí omi lójú ẹni tí ó wà lókèèrè. Ìmọ́lẹ̀ wọ́ọ̀tì 1 péré sì ju bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ẹyọ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìṣòro wà nínú "ẹyọ", n kò ní fi í pamọ́. Ọmọ lè máa wo ẹyọ ìmọ́lẹ̀ bí ọta kékeré. Bẹ́ẹ̀, láti 1924 tí de Broglie ti dá a lábàá, àti láti 1927 tí ìdánwò ti jẹ́rìí sí i, a mọ̀ pé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù pàápàá ń ṣe bí ìgbì òkun: ó ń gba ojú ihò méjì kọjá, ó sì ń bá ara rẹ̀ pàdé. Àwọn kan ti dábàá pé kí a lẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, "ìgbì-ẹyọ". N kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ́ẹ̀ mú kí ó dà bí ẹni pé ẹ̀dá kẹta kan wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí a lò: ó ń rìn bí ìgbì, ó ń dé bí ẹyọ. Láti inú èyí ni mo ti rí ìlànà kan tí n ó fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lé lórí. Orúkọ ohun, a lè yá a láìṣèyọnu: átọ́ọ̀mù àti ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìṣesí àwọn ohun náà ni kò yẹ kí a yá orúkọ fún, nítorí ibẹ̀ ni òye wà.

Ẹ wo òfin tí Heisenberg gbé jáde ní 1927. Àwọn atúmọ̀ ń pè é ní "òfin àìdánilójú". Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ta ni kò dá lójú?" Gírámà wà lẹ́yìn rẹ̀. A kì í sọ pé "ó dá lójú" láìsí ẹni tí ó ni ojú náà. Ó dá mi lójú, kò dá wọn lójú. Ọ̀rọ̀ náà ti fi iyèméjì sí ojú ẹni tí ń wò, bí ẹni pé bí ojú rẹ̀ bá dára sí i, ohun gbogbo yóò hàn. Òfin náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ibi tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù wà àti bí ó ṣe ń lọ kò lè jọ ní iye tí ó pé pérépéré lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣe ń pé sí i ni èkejì ń fẹ̀ sí i. Mo kọ́kọ́ kọ "òfin àìjọpé", àfi ìgbà tí mo kà á sókè tí mo gbọ́ "ó jọ pé" nínú rẹ̀, tí iyèméjì tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. "Òfin àìpépapọ̀" ni mo fi sílẹ̀ báyìí. Kò dùn létí tó bí mo ti fẹ́.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà, ó mú ìwé náà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti fi gègé pa "ìbátan" rẹ́ ní gbogbo ibi tí ó ti wà, ó ti kọ "àtọ̀dọ̀wò" sókè rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Bí agbára bá ní ẹyọ, tí ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ, ṣé ìgbà náà ní ẹyọ? Ṣé ó ní àkókò kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ìdajì rẹ̀? Mo sọ fún un pé àwọn onífísíìsì kò tíì mọ̀, pé wọn kò tíì rí ọ̀nà tí àbá àtọ̀dọ̀wò ti 1915 àti físíìsì ẹlẹ́yọ yóò fi wà nínú ilé kan náà. Ó wò mí bóyá mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo lábẹ́ rẹ̀.